Eku Tó Ń Rìn Bíi Ksawery

Eku náà á yí sápá òsì, á dúró, á fọwọ́ kan igun àgò rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Halszka ti rí ọ̀pọ̀ eku tó ń yí òòyì ní ilé ìwádìí wọn ní Kraków, àmọ́ kò sí èyí tó ń dúró fọwọ́ kan nǹkan. Ènìyàn kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń rìn bẹ́ẹ̀: Ksawery, àbúrò rẹ̀, tó ń yí tábìlì ìyá wọn ká látàárọ̀ dalẹ́.

Kò sẹ́ni tó ṣépè fún eku náà o. Halszka àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Nínú ọpọlọ, èròjà kan wà tó ń jẹ́ dópámìnì, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí wọ́n bá jíṣẹ́ tán, ilẹ̀kùn kan wà tó ń gbà á wọlé padà. Wọ́n ti yọ àbùdá tó ń ṣe ilẹ̀kùn yẹn kúrò nínú ìran eku yìí, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí wọ́n ti jẹ́ tán kò fi yéé dún lórí rẹ̀. Halszka ń wá oògùn tó máa tu eku náà lára, kó lè tu Ksawery náà lára. Torí àbúrò yìí ló ṣe kọ́ṣẹ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Wigilia, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó yà sí ilé ìwádìí náà láti fún eku lóògùn. Opłatek, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń bù fúnra wọn pẹ̀lú àdúrà lọ́jọ́ náà, wà lápò rẹ̀. Aláwọ̀ pupa ni èyí tí wọ́n ń bù fún ẹran ọ̀sìn, funfun ni ti ọmọ ènìyàn. Ó gbàgbé ti ẹran sílé. Àánú eku ṣe é, ló bá bu funfun fún un.

"Gbà, ọmọ ìyá mi," ló fi ṣàwàdà. "Kára ẹ balẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Eku jẹ ẹ́ tán, ó jókòó jẹ́jẹ́. Kò tíì gba oògùn kankan.

Nígbà tó délé, Ksawery wà lórí àga, ọwọ́ ẹ̀ lórí itan. Ìyá wọn ń sunkún ayọ̀.

"Ìgbà wo ló jókòó, Màmá?"

"Kò tíì pẹ́. Rọra sọ̀rọ̀, kó má baà dìde."

Halszka na opłatek tó kù sí i. Ksawery rẹ́rìn-ín.

"Mo ti jẹ tèmi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti ṣàdúrà fún mi nínú àgò."

Halszka dá opłatek náà padà sápò.

Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, ọ̀gá rẹ̀ wo eku náà títí. "Ó ṣíwọ́ yíyí láìgba oògùn? Pa á lónìí, ká wo ọpọlọ ẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ fi eku ṣọkọ ni?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín lọ mu tíì. Halszka gbé eku sínú fìlà onírun rẹ̀, ó gbé e lọ sílé. Ksawery ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún un.

"Ẹ ṣé o, Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí wọ́n la orí wa."

Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti kún ilé yẹn. Ksawery ń kàwé, ó ń sùn dáadáa, ó ń bá ìyá rẹ̀ bó ànàmọ́. Ṣùgbọ́n bí eku bá ti sín, òun náà á sín.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó ń fọwọ́ pa eku náà lẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "báwo ni eku ṣe ń pẹ́ láyé tó?"

Ọdún méjì ni. Halszka ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, eku yìí sì ti lo èyí tó ju ìdajì lọ. Ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra.

"Wọ́n máa ń pẹ́ gan-an, ọmọ ìyá mi."