Kókó Tí Wọ́n Pè Ní Ṣálẹ́ǹjì

Tí ọyẹ́ bá mú ní Ìlọrà, ilẹ̀ kì í tètè là. Kùrukùru á bo oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé, alùpùpù á máa kọjá lójú títì, èèyàn á gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó rí i. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Wòsílátù fẹ́ràn jù. Á jókòó síwájú ilé rẹ̀, á fi ìborùn bo èjìká, á máa wo bí igi àti òrùlé ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí lójú oorun.

Habeebullah ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Fìdítì lòun àti Kaothar ìyàwó rẹ̀ ń gbé, Ìbàdàn ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé.

Ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọn kì í sọ pé nǹkan bàjẹ́. Bí ọjà ò bá tà, wọ́n á ní àwọn ní ṣálẹ́ǹjì, pé ìpèníjà kékeré ni. Bí wọ́n bá lé èèyàn níṣẹ́, wọ́n á ní àwọn yọ̀ǹda rẹ̀ kó lè wá àǹfààní mìíràn. Ohun tí wọn ò bá fẹ́ ṣe lónìí, wọ́n á ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò "going forward", ìyẹn ni pé tó bá yá. Gẹ̀ẹ́sì yìí dùn létí Habeebullah. Kò pẹ́ tóun náà fi ń sọ ọ́ nílé. Lọ́jọ́ kan tí ọbẹ̀ jóná, Kaothar ní, "Bàbá Táòfíkì, ọbẹ̀ yín ní ṣálẹ́ǹjì lónìí o." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà òjò, bí Wòsílátù ṣe ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan nínú ọyàn òsì rẹ̀. Ó le bí èkùrọ́, àmọ́ kò dùn ún. Ó sọ fún Kaothar, Kaothar sọ fún ọkọ rẹ̀, Habeebullah sì mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà tó rí wọn, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó yẹ kókó náà wò, ó wo ojú ìyá, àánú ṣe é. Kò fẹ́ dẹ́rù bà á. Ó kọjú sí Habeebullah, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwọn ń pè ní "area of concern". Ó ní ṣálẹ́ǹjì díẹ̀ ni, àwọn á fẹ́ túbọ̀ wò ó "going forward", kí wọ́n má kàn fòyà jù.

Habeebullah ń mi orí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í gbọ́ lójoojúmọ́.

"Kí ló wí?" ni ìyá rẹ̀ béèrè nígbà tí wọ́n jáde.

"Ó ní ìpèníjà kékeré ni, Màámi. Wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń lọ."

"Ṣé kò burú?"

"Kò sọ pé ó burú."

Òótọ́ ni. Dókítà kò sọ pé ó burú. Wòsílátù gbé orí ti fèrèsé bọ́ọ̀sì. Òjò ń rọ̀ wínníwínní, àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà ń yọ́ kọjá lọ, kí wọ́n sì tó dé Fìdítì ó ti sùn.

Òjò dá. Ẹ̀gẹ́ tó gbìn gbó, ó wú u. Kókó náà ń tóbi, awọ ọyàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun bí èèpo ọsàn. Nígbà mìíràn tó bá jókòó síwájú ilé nínú ọyẹ́, á gbé ọwọ́ lé e láìmọ̀, bí ẹni gbé ọwọ́ lé ọmọ tó ń sùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ṣe tán, dókítà ń wò ó.

Lọ́jọ́ kan Kaothar gbé Táòfíkì, ọmọ ọwọ́ rẹ̀, wá kí i, àwọn méjèèjì sì jọ gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ibùdó ìlera. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Dárasími ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọyàn. Ó ní kókó tí kò dun èèyàn gan-an kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò.

Wòsílátù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi náà ní ọ̀kan. Dókítà ti ń wò ó."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá. Ìgbà wo lẹ rí dókítà náà kẹ́yìn?"

"Ìgbà òjò."

"Ta ló wá ń wò ó láti ìgbà náà?"

Ó dà bíi pé Wòsílátù ń rìn padà gba inú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn kọjá, tó ń wá ẹnì kan tó dúró ti òun níbẹ̀, kò sì rí ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì mú u wọ yàrá, ó yẹ ọyàn náà wò, ó sì ní kí Kaothar pe ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Habeebullah fi máa dé láti Ìbàdàn, eruku ọ̀nà ti kún irun rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni nọ́ọ̀sì wí, "kí ni dókítà sọ fún yín gan-an?"

"Ó ní 'area of concern' ni. Ó ní ṣálẹ́ǹjì díẹ̀ ni, pé àwọn á túbọ̀ wò ó 'going forward'."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá."

Habeebullah gbìyànjú. "Ó ní ibì kan wà níbẹ̀ tó... tó ń kọ àwọn lóminú." Àfi bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ máa gbọ́ ọ.

"Kí ló ń kọ wọ́n lóminú?"

"N ò béèrè."

"Ohun tó ń sọ ni pé kókó náà lè jẹ́ jẹjẹrẹ, pé kí ẹ tètè padà wá kí wọ́n lè mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò."

Habeebullah tẹ orí ba. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í pe ejò lórúkọ lálẹ́, okùn là ń pè é. Dókítà kò fẹ́ já ìyá mi láyà ni."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní okùn wà nílẹ̀ nínú ilé yín lálẹ́, ṣé ẹ máa ń mú un láti fi di igi?"

Ó mi orí pé rárá.

"Gbogbo ilé ló máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Orúkọ la fi pamọ́, a ò fi ewu pamọ́. Èyí tí wọ́n sọ fún yín, ewu gan-an ló bò mọ́lẹ̀. Inú rere ni dókítà fi sọ ọ́, ẹ̀yin náà ò sì bi í pé kí ló túmọ̀ sí."

"Jẹjẹrẹ," ni Wòsílátù wí jẹ́jẹ́ láti orí àga tó jókòó sí. "Orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ló máa sọ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe é. N ò lè máa bá ohun tí n ò mọ orúkọ rẹ̀ gbé."

Nọ́ọ̀sì kọ̀wé lé wọn lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò náà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, dókítà obìnrin tó pè wọ́n wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì sí Habeebullah. Habeebullah rọra dá a dúró.

"Ẹ má bínú mà. Ẹ fi Yorùbá bá ìyá mi sọ ọ́. Òun ló ni ara."

Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ Wòsílátù. "Jẹjẹrẹ ọyàn ni, Màmá. Kò tíì tàn lọ síbi tó jìnnà. A máa gé ọyàn náà, lẹ́yìn náà ẹ ó máa gba oògùn."

"Ká ní a ti tètè wá ńkọ́?" ni Wòsílátù béèrè.

"Bóyá kókó nìkan là bá yọ."

Habeebullah kọjú sí ògiri.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Oògùn tó tẹ̀lé e le ju iṣẹ́ abẹ lọ. Irun rẹ̀ re, oúnjẹ kì í dúró níkùn rẹ̀. Á sùn, á jí, kò ní mọ̀ bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́. Ó ní nínú oorun náà, òun á rí ara òun nínú oko tí gbogbo rẹ̀ funfun, òun á sì máa gbọ́ ohùn Kaothar lókèèrè, tó ń pe òun wá jẹun. Òun á wá tẹ̀lé ohùn náà bọ̀ nílé.

Ó bọ̀ lóòótọ́. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò déédéé, àmọ́ nígbà tí òjò tún dé, òun àti Kaothar ni wọ́n jọ gbin àgbàdo. Habeebullah bá wọn lóko, ó sì kúnlẹ̀ lórí ebè.

"Màámi, ẹ má bínú."

"N ò bínú. Ṣùgbọ́n tí o kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, máa sọ pé o kò gbọ́."

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlọrà, ní Fìdítì àti káàkiri Afijio, ọ̀rọ̀ ìyá yìí la fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Bí ọwọ́ yín bá ba kókó lára, bó dùn yín, bí kò dùn yín, ẹ tètè lọ fi han àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Ẹ béèrè orúkọ ohun tó ń ṣe yín, ẹ béèrè ohun tó lè dà bí ẹ kò bá tọ́jú rẹ̀, ẹ má sì gba "tó bá yá" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá dá ọjọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wa, ẹ máa fi ohùn ṣàánú wa, ṣùgbọ́n ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún wa.

Ìwọ tí o sì mú òbí rẹ lọ sílé ìwòsàn, bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ ti wù kó dán tó, má dìde níwájú dókítà títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yé ọ débi pé o lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ní èdè tó fi tọ́ ọ dàgbà.