Ajá Ilé Káfíńtà

"Ó tún ti wọ abẹ́ tábìlì o!" ni oníbàárà kan pariwo, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ló sọ. Bí Bàbá ṣe tan ẹ̀rọ ìlàgi báyìí ni Akíkanjú, ajá tó tóbi tó ọmọ màlúù, ki orí bọ abẹ́ tábìlì iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ nìkan ló kù níta, ó ń gbọ̀n, ó sì ti tọ̀ sílẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Akíkanjú nígbà tó ṣì kéré. Orúkọ náà ti wá di ẹ̀sín ládùúgbò.

Kì í ṣe ẹ̀bi ajá náà. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rọ ń ké lọ́wọ́ ni òkìtì pákó ya lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń sùn. Kò fara pa, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà, bí ìdérí ìkòkò bá bọ́ lọ́wọ́ Màámi, ìyàwó Bàbá, Akíkanjú ti dé ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá pa ẹ̀rọ, ó kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ajá tí mo ní kó máa ṣọ́ pákó, òun gan-an la wá ń ṣọ́. Ọ̀rẹ́ mi olóko ń bọ̀ lópin ìsinmi yín. Bí ajá yìí ò bá tíì lè dúró ti ẹ̀rọ nígbà náà, kó máa mú un lọ sóko."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá Kékeré lọ́kàn. Orúkọ tí gbogbo ilé ń pe àbíkẹ́yìn Bàbá nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ẹnu rẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ṣíbí ló fi ń rọ wàrà sí Akíkanjú lẹ́nu títí tó fi lè dá jẹun. Bí wọ́n bá mú un lọ, ta ni yóò máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé?

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Màá kọ́ ọ."

"Kí lo fẹ́ kọ́ ọ? A, B, D?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló dá sí i. "Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tiwa yìí, fèrè tí ọdẹ ò tíì fọn gan-an, ó ń gbọ́ ọ."

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá dé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń mú un dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ títí ariwo náà á fi mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe fún ẹ̀gbọ́n náà. "Tì í mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, kí n tan ẹ̀rọ," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Tó bá ké tó, ara rẹ̀ á gbà á."

Ọkàn Ìyá Kékeré kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá wù ú. Nígbà tí Bàbá lọ ra igi, ó fa Akíkanjú wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tan ẹ̀rọ.

Igbe ajá náà ju ti ẹ̀rọ lọ. Ó fò mọ́ ilẹ̀kùn, ó fò mọ́ ògiri, ó já nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ó sì bọ́ sójú títì. Alùpùpù kan tẹ bíréèkì. Díẹ̀ ló kù kó gùn ún mọ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i lábẹ́ ọkọ̀ akúrẹtẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú rẹ̀. Ìyá Kékeré nawọ́ sí i. Ajá tó máa ń lá a lójú láràárọ̀ fà sẹ́yìn, ó kùn mọ́ ọn.

Ẹkún ló sun délé, ajá ń tẹ̀ lé e lókèèrè. Kò di ẹ̀bi ru ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn, Bàbá," ló sọ.

Bàbá mi orí. Màámi ló sọ̀rọ̀. "Ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi já ìwọ lẹ́nu ọmú ni? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Láti ọjọ́ kejì ni Ìyá Kékeré ti ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kò fọwọ́ kan ajá náà, kò pè é. Ó ń kàwé rẹ̀ ni. Nígbà tó yá, Akíkanjú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gba ohùn ẹ̀rọ sínú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá gbé oúnjẹ fún ajá, á tan án jẹ́jẹ́, tí ohùn ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú lọ. Akíkanjú á na etí, á wò ó lójú, á sì máa jẹun lọ. Lọ́jọ́ kan ó kánjú, ó gbé ohùn náà sókè jù. Ajá fi oúnjẹ sílẹ̀, ó sá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá pè é fún eré. "Tíṣà ajá, ṣé o ò ní wá ni?"

"Ẹ máa lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ò tíì ṣe ìdánwò."

Ojú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà wá ràn án lọ́wọ́. Á tan ẹ̀rọ gidi, Ìyá Kékeré àti ajá á máa rìn lókèèrè ní ìparí àdúgbò, ègé ẹran á máa bọ́ sí Akíkanjú lẹ́nu. Nígbà tó ṣe, wọ́n dé ẹnu géètì. Nígbà tó tún ṣe, wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Olóko dé tòun ti okùn lọ́wọ́. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó gbé pákó tó gùn jù lọ, ó tan ẹ̀rọ. Lẹ́búlẹ́bú igi bò wọ́n. Ìyá Kékeré wọlé, Akíkanjú tẹ̀ lé e. Ajá náà wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó wo Ìyá Kékeré, ó sì jókòó.

"Ó ń gbọ̀n," ni olóko pariwo.

"Ó ń gbọ̀n lóòótọ́, sà, ṣùgbọ́n kò sá," ni Ìyá Kékeré fèsì.

Bàbá la pákó náà tán pátápátá kó tó pa ẹ̀rọ. Akíkanjú ti na ara sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ìyá Kékeré.

Bàbá kì í yin ọmọ lójú ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ká okùn rẹ, ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ mi ló kọ́ ajá yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni níṣẹ́, mi ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni dáadáa tó báyìí rí."

Orí Ìyá Kékeré wú, ó sì dì mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé agbára kì í lé ẹ̀rù lọ, ńṣe ló ń bí i sí i. Sùúrù ló ń ṣẹ́gun rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣàṣìṣe, tó jẹ́wọ́, tó tún padà bẹ̀rẹ̀, ohun ìwúrí ni fún àwọn òbí rẹ̀.