Ẹsẹ̀ Tó Ń Wúwo Lọ́sàn-án Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Ọ̀lẹ

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni tọkọtaya alágbàfọ̀ kan máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọkọ ló ń fọṣọ, ìyàwó ló ń lọ̀ ọ́. Bó bá lọ ṣòkòtò tán, ìlà rẹ̀ á mú débi pé èèyàn lè fi gé búrẹ́dì.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà. Òun ló kọ́kọ́ fura.

"Ìyàwó wa, láàárọ̀ o ń sáré kiri bí ọ̀kẹ́rẹ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, o ti ń wá ibi tí o máa jókòó sí. Irú ẹsẹ̀ wo ló ń mọ aago báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wúwo ni. Ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀."

"Èèrà kẹ̀! Ọ̀lẹ lorúkọ tí èmi mọ èèrà yẹn sí."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé lọ́dún tó kọjá, ojú ọ̀tún rẹ̀ ṣú fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó là padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú gan-an, ẹsẹ̀ náà yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Ó ṣubú. Áyọ́ọ̀nù bọ́ sórí aṣọ funfun oníbàárà, aṣọ jó. Ọkọ rẹ̀ sáré wọlé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́.

"Aṣọ ti jóná o," ìyàwó ń sunkún.

"Ta ló ń sọ ti aṣọ? Ṣé o lè dìde?"

Kò lè dìde. Ọkọ rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí dọ́kítà ń da ìbéèrè bò ó ni ọ̀rọ̀ ojú tó ṣú jáde.

"O ò sì sọ fún mi?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ó ti lọ. Mo rò pé ó ti tán ni."

"Bí àìsàn yìí ṣe ń tan èèyàn nìyẹn," ni dọ́kítà sọ. "Ó lè dé, kó lọ, kó tún padà."

Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n yẹ omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò. Nígbà tí èsì jáde, dọ́kítà pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Mọ́tipù sikilẹrósíìsì, ìyẹn MS, ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo waya áyọ́ọ̀nù yín. Bí rọ́bà ara rẹ̀ bá bó, iná ò ní lọ geere mọ́. Àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ náà ní ohun tó bò wọ́n. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló ṣìnà tí wọ́n ń bó ohun náà, tí iṣẹ́ ọpọlọ ò fi dé ẹsẹ̀ dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rọra béèrè pé, "Ṣé ó ń ràn? Àbí ẹnìkan ló ṣe é sí i?"

"Kì í ràn, mà. Kò sẹ́ni tó ṣe é sí i. Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ."

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀.

"Ṣé ó máa lọ pátápátá?" ni ìyàwó béèrè.

"A ò tíì rí oògùn tó ń lé e lọ tán. Àìsàn tí èèyàn ń bá gbé ni. Àmọ́ oògùn wà tó ń dín bó ṣe ń padà wá kù. Má ṣíwọ́ lílò ó torí pé ara yá. Ooru lè mú kó le sí i fúngbà díẹ̀, nítorí náà máa wá ibi tó tutù."

Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n dì mọ́ ọn. "Má bínú. Ẹnu mi ló yá ju etí mi lọ."

Wọ́n gbé tábìlì ìlọṣọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ìyàwó ń lọṣọ ní kùtù, ẹ̀gbọ́n ń gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà méjì lẹ lọ̀ sára ṣòkòtò yìí!"

"Ẹni tó bá fẹ́ ìlà kan kó gbé tiẹ̀ wá láàárọ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí oníbàárà fi yọjú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ojú bá ṣú lójijì, bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bá ń kú tàbí tó ń rọ, bí àárẹ̀ bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ má dúró dìgbà tí yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹ tètè rí dọ́kítà, ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó ti lọ. Bí ará ilé yín bá sì ní ara òun ò gbé e, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ.