Gbogbo Mọ́tò Ń Gba Wanwéè

Ìrètíolúwa wo ọ̀tún, ó sáré wo òsì, ó tún wo ọ̀tún dáadáa, ó sì bọ́ sí títì Fọ́ọ̀tì Àfẹ́níù ní Festac. Apá òsì ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá ti kọlù ú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Itan rẹ̀ kán, kò sì la ẹnu sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè yẹn. Sátífíkéètì kan tí ilé ìwé fún un wà nínú báàgì rẹ̀ tó ní ó ti lè dá sọdá títì.

Sátífíkéètì yìí ló tan Akínyẹmí, bàbá rẹ̀ àgbà, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń fà á lọ́wọ́ wálé. Ìgbà tó rí ìwé náà ló ní kó máa dá rìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn ọmọ ń ṣe lẹ́sìnnì, ilé ìwé ló gbà lọ.

Mísíìsì Juliana, ọ̀gá ilé ìwé, gbé ìgò ojú dúdú ńlá kan jáde, irú èyí tí í bo ojú pátápátá, tí títì àti mọ́tò á sì máa yọ sí ọmọ bí ẹni pé ó dúró létí wọn. Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà Seth ló gbé e wá fi kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì. Ó ní títì Alákijà gan-an lòun yà sínú rẹ̀.

Akínyẹmí gbé e wọ̀. Ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì. Ó bọ́ ọ kúrò lójú.

"Màdáàmù, ẹ̀yin náà wò ó?"

"Mo wò ó, sà."

"Ọ̀tún ni mọ́tò ti ń bọ̀ wá bá ẹni tó fẹ́ sọdá, dípò òsì. Ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i, sà. Mo rò pé wanwéè ni wọ́n ń gbà."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí i? L'Ékòó wa yìí, ẹni tó bá rí mọ́tò tó ń bọ̀ níbi tí kò yẹ, á ṣépè fún awakọ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá ni Akínyẹmí lọ́dún 1972, nígbà tí Nàìjíríà fi wíwakọ̀ lápá òsì sílẹ̀ tó bọ́ sápá ọ̀tún. Ó mọ títì ìlú òkèèrè, níbi tí wọ́n ṣì ń wakọ̀ lápá òsì, nígbà tó rí i. Seth jí àwòrán rẹ̀ gbé, ó sì sọ ọ́ ní Alákijà.

Ó di ọ̀dọ̀ Ìnsípẹ́kítọ̀ Tẹjúmádé ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Bàbá, ilé ìwé mélòó ni Seth ti lọ kọ́ ọmọ?"

"Òun nìkan ló mọ̀. Tó bá di Mọ́ńdè, gbogbo àwọn ọmọ yẹn á tún bọ́ sí títì, ọ̀tún ni wọ́n sì máa wò."

Tẹjúmádé àti ọlọ́pàá kan dé ṣọ́ọ̀bù Seth l'Alákijà. Ó ti kó jáde. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní ó gbé páálí lọ sí Trade Fair. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a, tó ń ta ìgò ojú tó kù fún oníṣòwò kan.

"Seth!"

Ó ju páálí sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ó gba àárín àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò, ó fo gọ́tà. Tẹjúmádé nawọ́ gán ẹ̀wù rẹ̀, ẹ̀wù ya, ó bọ́. Ó dé etí Badagry Expressway, ó yíjú fìrí, ó já sí títì. Nígbà tó fẹ́ gun odi àárín títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ọlọ́pàá kejì ká a mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Níbo lo ti ya títì yìí?" Tẹjúmádé bi í ní àgọ́.

"Alákijà ni."

"Nígbà tó o ń sá lọ, apá ibo lo kọ́kọ́ wò?"

Seth wo ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yìn ẹ ni mo wà. Apá ibo?"

"Òsì."

"Kí ló dé tí o ò wo ọ̀tún tó o fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí..."

"Èmi kì í ṣe àǹtí ẹ. O mọ̀ àbí o ò mọ̀?"

Orí rẹ̀ wálẹ̀. "Mo mọ̀. Ilé ìwé kejì ni mo ti rí i. Ẹnikẹ́ni ò béèrè, torí náà mi ò sọ."

"Kọ orúkọ àwọn ilé ìwé náà síbí."

Méje ni. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé pe òbí lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú; lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn pásítọ̀ kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tú oníkẹ̀kẹ́ tó kọlu Ìrètíolúwa, tí wọ́n ti tì mọ́lé, sílẹ̀. Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, tíṣà wà létí títì níwájú ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ lákọ̀tun. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Akínyẹmí jókòó ti bẹ́ẹ̀dì Ìrètíolúwa ní ọsibítù, ó rọra ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ náà la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Fúráìdè.

"Bàbá, ṣé mi ò fèélì?"

"O ò fèélì rárá. Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ lo ṣe."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo ọ̀tún."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Ló bá bú sẹ́kún, bàbá náà ò sì lè mú tiẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n sunkún tẹ́rùn, ọmọ náà ní ebi ń pa òun.