Ìdáhùn Tó Ṣìnà

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó máa pè mí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń kọ kóòdù fún ilé ìwòsàn ńlá kan. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ló kọ ìránṣẹ́, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú sáfà wọn, ẹ̀rọ ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo. Aláìsàn á tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sórí fóònù, ìránṣẹ́ á gba ìbéèrè náà, á dá a lóhùn pé ọjọ́ báyìí ni iṣẹ́ abẹ rẹ, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn dókítà.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni ìránṣẹ́ yìí. Wọ́n á jí i lẹ́ẹ̀kan, òun náà láá máa dá gbogbo ayé lóhùn títí wọ́n á fi pa á. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kó fi nǹkan ẹnikẹ́ni sápò. Ọwọ́ ni kó fi mú un; tó bá ti dáhùn tán, kó sọ ọ́ nù. Àpò kan náà ló ní fún gbogbo èèyàn. Abẹ́rẹ́ mọ èyí bí ẹni mowó. Ìkánjú ló bá a, ó ní kó máa fi orúkọ aláìsàn sápò.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá Abẹ́rẹ́ àti awakọ̀ kan béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Àìsàn ọkàn ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí wọ́n la àyà ìyá. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ náà. Ti awakọ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orúkọ méjèèjì pàdé nínú àpò kan náà, àfi bí ọjọ́ wọn ṣe pààrọ̀ ara wọn.

Abẹ́rẹ́ rí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè dá ọjọ́ náà padà, àfi kó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ọ̀gá yìí kò fẹ́ rí i sójú. Ó ti sọ níṣojú gbogbo ọ́fíìsì pé àṣìṣe kan péré ló kù, kó kó ẹrù rẹ̀. Kí ni Abẹ́rẹ́ wá ṣe? Ó tún kóòdù ṣe ní kọ̀rọ̀, ó pa àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà rẹ́. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ojo ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní ilé ìwòsàn ti sún ọjọ́ wọn síwájú, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ìyá ní ṣebí ọmọ òun wà níbẹ̀, kò séwu. Wọ́n tún dúpẹ́. Ọpẹ́ yẹn dun Abẹ́rẹ́ ju èébú lọ.

Ó di Ọjọ́bọ̀. Bí agogo méjìlá ṣe ń lù ni wọ́n la àyà awakọ̀. Abẹ́rẹ́ wà nínú yàrá sáfà. Ibẹ̀ tutù, àwọn ẹ̀rọ ń kùn. Lójijì, wọ́n dákẹ́. Iná kò lọ o. Kíkùn náà ló kàn tán. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ara aláìsàn gba yàrá náà kan. Ìdáhùn kan jáde lójú kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan.

“Ìyá, Ọjọ́bọ̀ rẹ rèé. Gbà á.”

Abẹ́rẹ́ kò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó pa ìránṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà tún jáde. Ó fa wáyà yọ. Ó tún jáde.

Ọ̀gá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Kí lo ṣe sí i?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan, sà.”

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá ni. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

“Máa bọ̀ nílé. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ mi.”

Ó sáré délé, ó bá ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú bọ́tìnnì wọn. Wọ́n ti la àyà náà láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé òkè ikùn, wọ́n sì ti rán an. Òwú rẹ̀ ṣì tutù. Ìyá ní kò sẹ́ni tó wọlé, pé abọ́ ni òun ń tò nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n pè é láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àyà awakọ̀ ń dán, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn tirẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, ó ń lù bíi ti ọmọ tuntun. Àwọn dókítà ń wo ọwọ́ ara wọn.

Abẹ́rẹ́ fi etí lé àyà ìyá rẹ̀.

“Ṣé wọ́n ti bá mi tún un ṣe, ọmọ mi?”

Abẹ́rẹ́ kò gbé orí. Ọkàn náà lù. Ó dúró. Ó pẹ́ kó tó tún lù.