"The" Kan Ṣoṣo

Ẹni tó wá gbálẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló rí òkú Rashidat. Ó dojú bolẹ̀ nínú yàrá tó ti ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ ní Abúlé Òkúta. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Ìṣó mẹ́ta wà lára ògiri. Ìkẹrin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Níní wo ìṣó yẹn títí. Ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni ìyá rẹ̀ ti fi ọjọ́ ogbó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ.

"Ọwọ́ lásán kì í kan ìṣó," ó ní. "Òòlù dà?"

Kò sí òòlù níbẹ̀.

Awwal, káfíńtà òdìkejì, ló ni ín. "Àǹtí Rashidat fẹ́ kan pátákó tuntun. Ìgbà tí kíláàsì parí, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ, ni mo tó gbé e fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mádàámù, ẹ má ní èmi ni o! Ṣọ́ọ̀bù ni mo padà sí, èmi àti àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù."

Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù jẹ́rìí sí i.

"Má sọ̀rọ̀ òòlù yẹn fún ẹnikẹ́ni," ni Níní wí.

Àmọ́ ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀, Kọ́púrà Wonder, ti ti Samson mọ́lé. Wẹ́dà ni Samson, akẹ́kọ̀ọ́ Rashidat sì ni. Ó ní òun rí ẹnì kan tó ń sá kúrò ní kíláàsì náà lálẹ́ Ọjọ́rú.

"Ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ, Ọ̀gá: 'I see the man, he is running.' Kò ní 'a man'. Ó mọ ẹni náà, ó ń bò ó ni!"

Níní lọ bá Samson. "Kí lo jẹ lánàá?"

"I eat the beans, Ma, with the bread, for the Bariga."

Níní mi orí. Bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀ ni Samson ṣe ń wọ́n "the" sí ọ̀rọ̀. "Kí ló dé tí o fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ọlọ́pàá?"

"Àǹtí ní ká máa sọ ọ́ níbi gbogbo, ká má bẹ̀rù àṣìṣe." Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n ráyè lọ sin wọ́n, Ma. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgọ́ ní kò sí ẹni tó máa jáde àfi bí wọ́n bá mú ẹlòmíì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, bí Níní ṣe ń lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ibẹ̀ ni Àkànbí ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára jù ní kíláàsì. Yorùbá ni Níní ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni Àkànbí fi ń dáhùn.

"I left with the others. I went straight home to Fádèyí."

"Kí lo rò pé ó ṣẹlẹ̀?"

"Perhaps a thief came in and picked up the hammer."

"Olè wo?"

"A thief. Any thief."

"Òòlù wo?"

Ojú Àkànbí sáré lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìgéwé.

"Olè tí o kò mọ̀, o pè é ní 'a'. Òòlù, o pè é ní 'the'. Bí Àǹtí ṣe kọ́ yín gan-an nìyẹn: 'a' fún ohun tá ò tíì mọ̀, 'the' fún ohun tá a ti mọ̀. Samson máa ń ṣì í. Ìwọ kì í ṣì í. Òòlù yẹn kò sì dé kíláàsì títí gbogbo yín fi lọ. Ká ní Yorùbá lo fi dáhùn ni, 'òòlù' lásán lo máa wí, ǹ bá rò pé ò ń méfò."

Abẹ́ àjákù bébà, lẹ́yìn ẹ̀rọ tí Àkànbí fi ń gé ìwé, ni wọ́n ti bá òòlù Awwal. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn.

Yorùbá ni Àkànbí wá ń sọ. "Mo padà lọ bẹ Àǹtí ni. Wọ́n ní Samson ló máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àṣeyẹ wa. Samson! Èmi tí mi ò ṣì í sọ rí! Wọ́n ní èmi ń fi Gẹ̀ẹ́sì dójú ti èèyàn, pé Samson ń ṣì í, kò sì yé sọ ọ́, òun làwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa fẹ́ gbọ́. Wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n mú ìṣó. Òòlù wà lórí bẹ́ǹṣì." Ó fi ọwọ́ bojú. "Wọn ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo bá sá."

Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún Samson. Wonder fúnra rẹ̀ ló dá okùn bàtà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé, padà fún un.

"Ta ni, Ma?"

"Àkànbí."

Samson mi orí, kò bú u. "Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ. Ìsìnkú ńkọ́?"

Níní kò lè wò ó lójú. "Wọ́n ti sin wọ́n, Samson. Gẹ́rẹ́ tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán."

Samson jókòó sórí àtẹ̀gùn àgọ́ ọlọ́pàá. Ó so okùn bàtà rẹ̀, ó tú u, ó tún so ó.