Asẹ́ Ìbò Òkè-Orísun

Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, ohun tó dun Ìbíyẹmí jù nìyẹn. Ó tú ìdí rẹ̀, ó yẹ gbogbo okùn inú rẹ̀ wò, ó tún un dì padà, kò rí ohun kan tó ṣe é. Síbẹ̀, gbogbo ìlú Òkè-Orísun ló jáde dìbò láàárọ̀, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sán, ìbò tí ẹ̀rọ gbà wọlé kò tó èyí tí wọ́n fi ń yan alága ẹgbẹ́ awakọ̀. Gbogbo ìyókù ló ti dà nù bí èérí ọkà.

Asẹ́ Ìbò ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yìí, Ìbíyẹmí ló sì ṣe é. Irú ìlú wo ló lè bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Láyé ìgbà náà, òkun ti gbé gbogbo etíkun mì, àwọn èèyàn sì ti sá gun orí àpáta. Orí àpáta ni wọ́n wà tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó kan fi gúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè, àwọn tí omi ti gba ilẹ̀ tiwọn náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ará òkè gbà wọ́n láyè. Ìran kẹta wọn ló wà níbẹ̀ báyìí. Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń sunkún òkú wọn, Yorùbá náà ni wọ́n fi ń bú èèyàn bí inú bá bí wọn. Ará Òkun ni ìlú ṣì ń pè wọ́n, ìsàlẹ̀ òkè náà ni wọ́n sì ń gbé. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lókè ń pe ara wọn ní Ọmọ Àpáta. Omi kan náà ni gbogbo wọn ń mu, láti inú asòkundodò, ẹ̀rọ ńlá tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Ẹni tí ìlú bá dìbò yàn ní Olórí Omi ló ń di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú.

Bí àsìkò ìbò bá dé, kò sí ẹni tí í béèrè ohun tí ọwọ́ ẹnìkan ti ṣe rí. "Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ ó ṣe é," ọ̀rọ̀ ti parí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lókè ni wọ́n ń sọ ọ́ nísàlẹ̀. Lọ́dún yìí, Ládipọ̀ Hánsìn, ọmọ Ará Òkun tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ìbíyẹmí láti kékeré, ló jáde láti du ipò náà. Olóyè Gbádégẹṣin, Ọmọ Àpáta, ló dojú kọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní àdàpè. Ó ní bí òun bá wọlé, òun yóò ti omi ìsàlẹ̀ pa.

"Òkun ló gbé wọn wá," ó wí fún èrò. "Kí wọ́n máa mu òkun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìbíyẹmí, Ọmọ Àpáta bíi tiwọn, wà láàárín wọn. Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Asẹ́. Fìlà irin ni olùdìbò yóò dé. Fìlà yóò bi í létí pé, "Nítorí kí ni?" Kò ní í fẹnu dáhùn, ọkàn ni fìlà ń gbọ́. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló wà nídìí ìbò rẹ̀, Asẹ́ yóò da ìbò náà nù.

Nígbà tó gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ ìlú, Olóyè Gbádégẹṣin kọ̀ kò gbà.

"Inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé," ó wí. "Ìwọ ọmọ yìí wá fẹ́ máa yọjú wo inú àgbà."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bí inú yín bá mọ́, kí ló wá ń bà yín lẹ́rù?"

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Olóyè kò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà máa dé fìlà yẹn," ó wí, ó sì jókòó.

Ìgbìmọ̀ gbà á wọlé. Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ló kọ òfin rẹ̀: ohun tí Asẹ́ bá gbà ni ìbò, ohun tó bá dà nù ti dànù. Láàárọ̀ ìdìbò, òun ló kọ́kọ́ dé fìlà, kí ẹlòmíràn tó dé, ó sì dìbò fún Ládipọ̀.

Olóyè Gbádégẹṣin ló wọlé. Ó burú ni o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Olóyè ti gbẹ́ àtẹ̀gùn sára àpáta kí àwọn arúgbó má baà máa ṣubú, ó sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn sin òkú wọn. Àwọn tó ṣe lóore rántí oore, ìbò tiwọn sì kọjá nínú Asẹ́. Ìbíyẹmí wá tú èérí wò, àwọn ìbò tó dà nù, tí Asẹ́ ti kọ ìdí kọ̀ọ̀kan sí lára. Ó bá ìbò Ará Òkun níbẹ̀ ní òkìtì, ó bá ti Ọmọ Àpáta. Èyí kò yà á lẹ́nu. Ohun tí kò retí ni ìbò àwọn ọ̀dọ́ òkè, àwọn tó dìbò fún Ládipọ̀ láti fi hàn pé àwọn kì í ṣe bíi bàbá àwọn. Àwọ̀ náà ni wọ́n wò. Ká ní wọ́n ka ìbò bí ti àtijọ́ ni, Ládipọ̀ ì bá ti wọlé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìbò tó kọ́kọ́ dànù wà, ìbò ẹni tó kọ́kọ́ dé fìlà.

Ibẹ̀ ni Ládipọ̀ bá a.

"Ìlú ń sọ pé èmi ni ì bá wọlé ká ní ẹ̀rọ yìí kò sí," ó wí.

"Òótọ́ ni."

"Mo mọ àwọn èèyàn mi, àwọ̀ ni wọ́n wò. Ìwọ ńkọ́? Tìẹ wọlé?"

Ìbíyẹmí tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú èérí.

"Ìbíyẹmí, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Kò wọlé."

Ládipọ̀ rọra jókòó. "Nígbà tí asòkundodò dáṣẹ́ sílẹ̀, ta ló kó àwọn èèyàn jọ tí wọ́n fi tún un ṣe? Nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn, tí o wà nídìí ẹ̀rọ, ta ló jókòó tì í títí tó fi kú? O ò rántí ọ̀kan níbẹ̀?"

"Mo rántí wọn lẹ́yìn tí mo ṣí fìlà." Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò purọ́. "Nígbà tí ó béèrè, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé Ọmọ Àpáta ni mí, Ará Òkun ni mo sì ń dìbò fún. Inú mi dùn sí ara mi."

"Gbádégẹṣin wo àwọ̀ mi, ó ní kí òùngbẹ pa mí," Ládipọ̀ wí. "Ìwọ wò ó, o fi ṣe ara rẹ lọ́ṣọ̀ọ́. Tòun sàn. Mo mọ ibi tí mo dúró sí lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó dìde, ó lọ.

Ìbíyẹmí sáré lọ bá Olóyè, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n fagi lé ìbò náà, kí wọ́n tún un dì.

"Ta ló kọ òfin?" Olóyè béèrè. "Ẹ̀rọ rẹ ló ní èmi ni àwọn ọlọ́kàn mímọ́ yàn. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, ọmọ mi. Dìde, má fi yẹ̀pẹ̀ ba aṣọ rẹ jẹ́."

Kò pẹ́ tó fi yí kọ́kọ́rọ́. Omi ẹ̀rọ gbogbo ìsàlẹ̀ òkè gbẹ.

Ìbíyẹmí pọn kẹ́ẹ̀gì omi kan, ó gbé e, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí Olóyè gbẹ́. Àwọn Ará Òkun wà lẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú garawa òfìfo, ètè wọn ti bó. Kò sí ẹni tó kí i. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn Ládipọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ojú rẹ̀, kò sì kúrò lójú ọ̀nà.

"Nítorí kí ni?" ó béèrè.

Ìbíyẹmí la ẹnu. Ó ń wá inú ara rẹ̀ kiri, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan tí Asẹ́ kò ní í dà nù. Kẹ́ẹ̀gì ń fà á lápá. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Láti inú ilé, ìyá Ládipọ̀ fi ohùn gbígbẹ béèrè ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, Màámi," Ládipọ̀ dáhùn.